Lẹ́tà sí Màámi: Ẹsẹ tí wọ́n kà lé Bàámi lórí

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàámi. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ bi mí lórí fóònù ìdí tí n kò fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbí. Mo ní iṣẹ́ ni. Irọ́ ni mo pa, ẹ má bínú. Mo fẹ́ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún yín, mo sì ń kọ ọ́ sí gbangba nítorí mo mọ̀ pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Ṣé ẹ rántí alẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn? Bàámi jókòó sórí àga, pásítọ̀ da òróró sí i láàárín orí, òróró náà ń ṣàn bọ̀ wá sétí rẹ̀. Pásítọ̀ ṣí Máàkù orí 16, ó ka ẹsẹ 18 sókè, pé wọn óò gbé ọwọ́ lé àwọn aláìsàn, ara wọn ó sì dá. Ó wá ní kí a kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kúrò nílé, pé ẹni tó bá ń lo méjèèjì pọ̀ kò tíì gba Ọlọ́run gbọ́. Èmi ni mo kó o, Màámi. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi kó àwọn páálí yẹn sínú láílọ́ọ̀nù dúdú. Kò pé oṣù mẹ́ta tí rọpárọsẹ̀ fi mú Bàámi lápá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Ẹsẹ yẹn ni mo ń tọ̀ lẹ́yìn láti ìgbà náà. Nígbà tí mo dé ìhín, mo lọ sí British Library lọ wo Codex Sinaiticus, Bíbélì àfọwọ́kọ tí wọ́n kọ sórí awọ ẹran lédè Gíríìkì, láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin. Ọwọ́ ìjọba Soviet ni wọ́n ti rà á ní 1933, ní £100,000. Ojú ewé tí mo ń wá kọ́ ni wọ́n ṣí sílẹ̀ nínú gíláàsì, mo bá padà sílé lọ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wọ́n pín ojú ewé náà sí mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ń wálẹ̀ tóóró tóóró. Ibi tí àwọn obìnrin ti sá kúrò ní ibojì, tí ẹ̀rù bà wọ́n, tí wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni Máàkù parí sí. Ẹsẹ 8. Akọ̀wé fa ìlà ọ̀ṣọ́ sábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé Ìhìn Rere gẹ́gẹ́ bí Máàkù, ìyókù ibẹ̀ ṣófo. Kò sí ejò gbígbé, kò sí májèlé tí ẹsẹ 18 tún dárúkọ, kò sí ọwọ́ lórí aláìsàn. Codex Vaticanus, Bíbélì àfọwọ́kọ mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ibẹ̀ náà ló dúró sí. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn onímọ̀, títí kan àwọn Kristẹni láàárín wọn, gbà pé ẹlòmíràn ló fi ẹsẹ 9 sí 20 kún un. Àfikún náà ti pẹ́ o, wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì. Ṣùgbọ́n àfikún ni.

Mo jókòó ti àlàfo yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Bàámi ni mo ń rò.

Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń yẹ ọ̀rọ̀ wò. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òfófó wá sí ìsọ̀ yín, ìbéèrè kan ṣoṣo lẹ máa ń bi í: "Ṣé ó ṣojú ẹ ni, àbí wọ́n sọ fún ẹ?" Ìbéèrè yẹn ni mo gbé lọ sínú Bíbélì. Nǹkan bí ọdún 30 ni wọ́n pa Jésù. Máàkù, tó ṣáájú nínú ìwé Ìhìn Rere mẹ́rin, nǹkan bí ọdún 70 ni wọ́n kọ ọ́. Ìgbéyàwó yín kò tíì pé ogójì ọdún, síbẹ̀ ẹ̀yin àti Àǹtí ṣì ń jiyàn lórí àwọ̀ gèlè tí ẹ wé lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì lẹ wà níbẹ̀! Lúùkù fẹnu ara rẹ̀ sọ pé àwọn tó ṣojú wọn ló fi ọ̀rọ̀ lé àwọn lọ́wọ́. Kò ní ó ṣojú òun. Pọ́ọ̀lù, tí lẹ́tà rẹ̀ ṣáájú gbogbo wọn, kò bá Jésù rìn rí. Mátíù ní ayé Hẹ́rọ́dù ni wọ́n bí Jésù, Hẹ́rọ́dù sì kú ní ọdún 4 ṣáájú Sànmánì Tiwa. Lúùkù so ìbí náà mọ́ ìkànìyàn ìgbà gómìnà Síríà kan, ọdún 6 Sànmánì Tiwa, lẹ́yìn tí Hẹ́rọ́dù ti kú. Kódà Sinaiticus ní ìwé méjì tí kò sí nínú Májẹ̀mú Tuntun yín, Lẹ́tà Bánábà àti Olùṣọ́ Àgùntàn ti Hermas. Ó di 367 kí Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alẹkisáńdríà, tó to ìwé 27 inú Májẹ̀mú Tuntun tí a mọ̀ lónìí.

Mo gbà pé Jésù gbé ayé, mo gbà pé wọ́n kàn án mọ́ igi. Ṣùgbọ́n ènìyàn ló kọ ìwé náà, ènìyàn ló ń dà á kọ, ènìyàn ló fi kún un, n kò sì lè ṣe bí ẹni pé n kò rí i mọ́. Orin tí ẹ máa ń kọ ní ìdájí kò tíì kúrò létí mi, Màámi. Omi ṣì máa ń bọ́ lójú mi tí mo bá gbọ́ ọ níbikíbi.

Mo ti fi owó oògùn oṣù yìí sí àkáǹtì yín. Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà sí i kí ẹ tó fún un, ẹ gbà á. Ẹ ṣáà dúró tì í títí yóò fi gbé e mì.

Èmi ni,
ọmọ yín.