Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ fẹ́ di kóòṣì lacrosse, ẹ wá ọ̀gá kẹ́ ẹ tó wá orúkọ

Ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ wà ní Maryland níbí, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà káàkiri Amẹ́ríkà, mo kí yín o, ṣé dáadáa lẹ wà. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà yìí kì í ṣe eléré ìdárayá o, dírẹ́bà ni mí títí mo fi rìtáyà, àwọn bọ́ọ̀sì ńláńlá tí yunifásítì máa ń háyà láti fi kó àwọn eléré wọn lọ síbi tó jìn, irú ẹ̀ ni mo ń wà. Torí náà mi ò lè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mú ọ̀pá lacrosse, eré tí ẹgbẹ́ méjì ń fi ọ̀pá alàwọ̀n ju bọ́ọ̀lù sínú góòlù, tàbí bí wọ́n ṣe ń fi àwọ̀n orí ẹ̀ hán bọ́ọ̀lù. Àwọn kóòṣì ni mo mọ̀. Ìjókòó iwájú ni wọ́n máa ń jókòó sí, ẹ̀yìn mi gan-an, etí mi ò sì di.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ rèé. Mo ń rí àwọn ọmọ wa kan tó gbá lacrosse ní háíṣukúù, tí wọ́n tún gbá a ní yunifásítì, tí wọ́n bá ṣe tán wọ́n á ní kóòṣì làwọn fẹ́ ṣe, ìyá wọn á fariwo ta pé ṣé torí ẹ̀ lòun ṣe ń ṣiṣẹ́ alẹ́ láti ọdún yìí wá, bàbá á ní kò sóhun tó jọ ọ́, ọmọ á wọ yàrá lọ á pa ilẹ̀kùn dé gbàgà. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan nínú wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ yẹn pé níbo ni wọ́n ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, orúkọ sukúù ńlá ni wọ́n máa dá, Duke, Johns Hopkins, Syracuse, Virginia, mi ò tíì rí èyí tó dárúkọ ọ̀gá tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bí iṣẹ́ yẹn ṣe rí, torí ohun tẹ́ ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n kò ju ìdá díẹ̀ lọ nínú ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá na tíìmù kan nínà burúkú, àwọn ọmọ á sùn lọ fọnfọn, kóòṣì àgbà ò ní sùn. Láptọ́ọ̀pù á ti wà lórí itan ẹ̀, ásísítáǹtì á ti gé fídíò eré náà wẹ́wẹ́ kí n tó gun bíríìjì Delaware, wọ́n á máa dá a padà, wọ́n á máa tẹ̀ ẹ́ síwájú, wo ẹsẹ̀ ẹ̀, wo ibi tó kọjú sí, góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n á máa yẹ̀ wò títí ojú mi á fi fẹ́ kúrò lọ́nà. Fóònù á dún. Bàbá ọmọ kan ni, ó fẹ́ mọ ìdí tọ́mọ òun fi jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kóòṣì tó ń jágbe mọ́ gbogbo ayé lọ́sàn-án á rọ ohùn, á máa pe bàbá yẹn ní sà. Tó bá gbé fóònù sílẹ̀, ásísítáǹtì tó kéré jù á tẹ̀ síwájú, á bi í pé ṣé kóun pe ilé písà, torí òun ló ń ra oúnjẹ, òun ló ń ka àṣíborí bóyá ó pé, òun náà ló máa gbá ilẹ̀ bọ́ọ̀sì mi tá a bá délé (àwọn tó dáa nínú wọn o, àwọn kan á fi ike omi sílẹ̀ fún mi).

Títí di 2023, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, gbà kí tíìmù ní ásísítáǹtì kan tó ń ṣiṣẹ́ láìgbowó oṣù rárá, vọ́lọ́ńtíà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ti fagi lé ìyẹn báyìí, ṣùgbọ́n ẹ má rò pé owó ńlá ló wá rọ́pò ẹ̀. Kí ẹ tó tọwọ́ bọ ìwé níbikíbi, ẹ bèèrè owó, ẹ bèèrè inṣọ́ránsì ìlera, ẹ má tijú.

Owó náà ló tún fa èyí tó ń dun kóòṣì jù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, sikọ́láṣíìpù 12.6 ni gbogbo ohun tí tíìmù ọkùnrin ní Division I, ìpele tó ga jù, ní láti fún àwọn ọmọ tó lè lé ní 40, kóòṣì ló máa gé e, ẹnì kan á gba ìdajì, ẹnì kan á gba díẹ̀, ẹlòmíì ò ní gba nǹkan kan, àwọn òbí á sì máa fi ti tọmọ wọn wé tọmọ ẹlòmíì. Láti 2025 wọ́n ti ń yí ètò yẹn padà, wọ́n wá ń ka iye ọmọ dípò iye sikọ́láṣíìpù, ṣùgbọ́n àwọn òbí ò yí padà. Àwọn kóòṣì tún máa ń wá ọmọ tó máa gbá fún wọn kiri, ìyẹn náà ti le débi pé wọ́n ń gba àdéhùn lẹ́nu ọmọ ọdún 14, àfìgbà tí òfin wá dé ní 2017 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bá ọmọ sọ̀rọ̀ ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́ńtẹ́ńbà ọdún kẹta rẹ̀ ní háíṣukúù. Òfin gidi nìyẹn, ó pẹ́ kó tó dé ni.

Ó dáa, ọ̀gá. Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Cindy Timchal. Northwestern ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1982, ó wá sí yunifásítì Maryland wa níbí ní 1991, ife ìdíje NCAA mẹ́jọ ló gbà, méje nínú ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọgbọ láti 1995 dé 2001. Ẹni tó bá gbájú mọ́ ife nìkan á dúró síbẹ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó gbá bọ́ọ̀lù fún un. Kelly Amonte Hiller wà níbẹ̀, Cathy Reese wà níbẹ̀, Acacia Walker-Weinstein wà níbẹ̀. Amonte Hiller lọ gba ife mẹ́jọ ní Northwestern, Reese gba márùn-ún ní Maryland, Walker-Weinstein gba ife fún Boston College ní 2021 àti 2024, lẹ́yìn tó ti pàdánù àṣekágbá ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra wọn. Gary Gait pàápàá, tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tó ń gbá a ní Syracuse, ó wá ṣe ásísítáǹtì fún obìnrin yìí ní Maryland, ó padà sí Syracuse lọ tọ́jú tíìmù obìnrin fọ́dún pípẹ́, kí wọ́n tó gbé tọkùnrin lé e lọ́wọ́ ní 2021. Ta ló ń wo orúkọ sukúù nínú ìyẹn? Timchal fúnra ẹ̀ sì fi gbogbo ògo Maryland sílẹ̀, ó lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo ní Navy, sukúù ológun ojú omi, ní 2017 wọ́n wà lára tíìmù mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú ìdíje náà, kò tíì sí tíìmù obìnrin sukúù ológun kankan tó débẹ̀ rí nínú eré NCAA yòówù kó jẹ́.

Ti Amonte Hiller yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Northwestern ti pa tíìmù yẹn rẹ́, ìgbà tí wọ́n jí i dìde ní 2002 ni wọ́n gbé e fún un, kò sí plẹ́yà, àwọn tó mọ eré náà dáadáa ò fẹ́ lọ sí ìtòsí Chicago nígbà yẹn. Ló bá rí àwọn ìbejì obìnrin méjì tó ń sáré nínú ọgbà sukúù, wọn ò mú ọ̀pá lacrosse rí láyé wọn, ó ní kí wọ́n máa bọ̀. Ní 2005 tíìmù yẹn gbá 21, ó borí nínú gbogbo ẹ̀, àwọn ìbejì yẹn sì wà nínú ẹ̀. Ẹ rí i pé ẹdun ń bù kún èèyàn níbi gbogbo.

Bill Tierney ńkọ́. Tíṣà háíṣukúù ni ní Long Island. Ó di kóòṣì àgbà ní Rochester Institute of Technology, ìyẹn ò sì dí i lọ́wọ́ láti kúrò níbẹ̀ lọ di ásísítáǹtì ní Johns Hopkins. Ẹ tún un kà. Ó ti jẹ́ ọ̀gá, ó padà lọ sìn, torí ó rí ohun tó fẹ́ kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní gbà, ẹ máa ní àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Princeton pè é, tíìmù burúkú ni wọ́n gbé fún un, ọdún àkọ́kọ́, 1988, ó borí nínú 2, ó pàdánù 13. Ní 1992 ó na Syracuse 10–9 nínú àṣekágbá, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún un lẹ́ẹ̀mejì. Ife mẹ́fà ló gbà níbẹ̀. Ní 2009 ó kó ẹrù ẹ̀ lọ sí Denver, àwọn èèyàn ní kí ló ń wá lọ sórí òkè níbi tí wọn ò ti mọ lacrosse, ní 2015 ó na Maryland 10–5, ó gbé ife lọ sí apá ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Maryland tí mo dárúkọ yẹn, John Tillman ti gbé wọn dé àṣekágbá ní 2011, 2012, 2015, 2016, òfo ni gbogbo ẹ̀. Ti 2016 ló burú jù, àsìkò àfikún ni North Carolina ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́. Sukúù ò lé e. Ní 2017 ó gbà á, ọdún 42 lẹ́yìn èyí tí Maryland gbà kẹ́yìn, ní 2022 wọ́n sì gbá 18 láìpàdánù ọ̀kan. Ẹ máa wo irú àwọn tó ń gbani síṣẹ́ náà o, bóyá wọ́n ní sùúrù. Jim Berkman wà ní Salisbury, ìlú kékeré ní ìlà oòrùn Maryland yìí, Division III ni, wọn kì í fúnni ní sikọ́láṣíìpù eré níbẹ̀, láti ìparí àwọn ọdún 1980 ló ti wà níbẹ̀, ó ti borí ju 600 lọ. Tẹ́ ẹ bá dárúkọ ẹ̀ fáwọn òbí yín wọn ò ní mọ̀ ọ́n. Gbogbo kóòṣì tí mo gbé rí ló mọ̀ ọ́n.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ nìyí. Mike Pressler ló wà ní Duke láti 1991. Ní oṣù kẹta 2006, àwọn ọmọ tíìmù ẹ̀ ṣe àríyá nínú ilé kan, wọ́n háyà àwọn obìnrin tó ń jó ìhòòhò, ọ̀kan nínú wọn fẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn wọ́n. Orílẹ̀-èdè dàrú. Wọ́n ká eré ọdún yẹn nílẹ̀, wọ́n fipá mú Pressler kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹrin, ọmọ mẹ́ta sì dé ilé ẹjọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ North Carolina jáde ó ní àwọn ọmọ náà ò jẹ̀bi rárá, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó gbé ẹjọ́ náà. Wọ́n dá àwọn ọmọ láre, àmọ́ ẹlòmíì ti jókòó sórí àga Pressler, John Danowski, ó sì gba ife ní 2010. Pressler ti lọ sí Bryant, sukúù kékeré ní Rhode Island tí kò tíì sí ní Division I nígbà yẹn, ó tún un kọ́ níbẹ̀ títí di 2022, ní 2010 kan náà ló ṣe kóòṣì tíìmù Amẹ́ríkà tó gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà nínú ìdíje àgbáyé. Èmi ò ní sọ pé àríyá yẹn dáa o, kò dáa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ohun tọ́mọ ọdún 20 ṣe láago méjìlá òru lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ, òótọ́ ni o, irọ́ ni o, torí náà àwọn ọmọ tó o bá ń wá, má wo ẹsẹ̀ wọn nìkan, bi ìyá wọn léèrè, bi olùkọ́ wọn, bi ẹni tó ń gbálẹ̀ sukúù wọn.

Ọ̀kan kù tó kan àwa Yorùbá gan-an. Syracuse gba ife ní 1990, NCAA gbà á padà lọ́wọ́ wọn, torí ìyàwó kóòṣì ṣe onídùúró fún plẹ́yà kan tó fẹ́ fi gbèsè ra mọ́tò. Nílé wa, ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ta ni ò ní dúró fún ọmọ ọlọ́mọ? Mo mọ̀ yín, ẹ máa rí ọmọ tébi ń pa, ẹ máa ní kó wá jẹ ìrẹsì, ẹ máa yá a lówó ọkọ̀. Òfin ti rọ̀ díẹ̀ láti 2021 tí wọ́n ti gbà káwọn ọmọ máa fi orúkọ wọn pawó, ṣùgbọ́n ẹ ka ìwé òfin kẹ́ ẹ tó ṣàánú, gbogbo sukúù ló ní ọ́fíìsì tó wà fún un, ẹ pè wọ́n.

Mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí nípa àwọ̀ wa. Àwọn aláwọ̀ dúdú ò pọ̀ nínú eré yìí, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n Morgan State, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Baltimore níbí, ní tíìmù lacrosse láti 1970 títí di 1981, ní 1975 wọ́n lọ na yunifásítì Washington and Lee nílé wọn, níbi tí ẹnì kankan ò ti nà wọ́n fún eré 28. Ní 2020, Chazz Woodson di kóòṣì àgbà ní Hampton, yunifásítì aláwọ̀ dúdú míì. Ẹ lọ wo bó ṣe ṣe é.

Tí àga bá sì yẹ̀ lábẹ́ yín, ẹ má sá kúrò nídìí iṣẹ́. Dave Pietramala gba ife ní Johns Hopkins gẹ́gẹ́ bíi plẹ́yà, ó tún gbà á gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì àgbà ní 2005 àti 2007, òun àti sukúù pínyà ní 2020, ó lọ di ásísítáǹtì ní North Carolina, lẹ́yìn náà ní Syracuse. Ojú ò tì í.

Ẹ má kọ̀wé sí kóòṣì láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, wọn ò ní kà á, eré ti gbà wọ́n lọ́kàn. Ẹ dúró kí àṣekágbá ìparí oṣù karùn-ún kọjá, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má kọ ju ojú ewé kan lọ. Ẹ sọ ọ̀gá tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ àti ohun tẹ́ ẹ rí nínú iṣẹ́ ẹ̀, ẹ sọ pé ẹ lè gé fídíò, ẹ sọ pé ẹ lè wa bọ́ọ̀sì kékeré, torí ìyẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ bèèrè. Tí wọn ò bá fèsì lọ́sẹ̀ méjì, ẹ kọ sí ẹni tó kàn.

Èmi ni,
Bàbá yín, dírẹ́bà, ní Baltimore.