Àbẹ̀kẹ́, má tíì na ọ̀rá sórí irin yẹn

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lẹ wà, ọkọ ẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo rí fọ́tò tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ àná, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi han màmá ẹ, odidi ìdajì plot, ilẹ̀ tí wọ́n ń yá èèyàn láti fi dáko nínú allotment, ní Sheffield lẹ́yìn gbogbo bó o ṣe dúró lórí waiting list, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. O ní polytunnel, ilé ọ̀rá tí wọ́n ń gbin nǹkan sínú ẹ̀, lo fẹ́ kọ́kọ́ gbé síbẹ̀ kí oṣù yìí tó parí, kó o lè rí ewédú àti ata rodo gbìn. Èrò tó dáa ni. Àmọ́ bó o ṣe sọ ọ́ pé "wíkẹ́ẹ̀ndì kan péré ni, Dádì", ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ èyí dípò kí n pè ẹ́, torí tí mo bá pè ẹ́ wàá ní o ti gbọ́, ó tán.

O mọ̀ pé mo ní ilé ọ̀rá kan rí, àmọ́ mi ò rò pé mo sọ bó ṣe lọ fún ẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti rà á fún plot wa ní Plumstead, owó ẹ̀ ò wọ́n, irin ẹ̀ tín-ín-rín bí ọ̀pá agbòjò, ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó ní síìpù lẹ́nu, irin kéékèèké bí ìka ọwọ́ ni wọ́n fi sínú páálí pé ká fi kàn án mọ́lẹ̀. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi tò ó, inú mi dùn. Ó wá di Fúráìdé, 18 February 2022, ìjì tí wọ́n pè ní Eunice dé, wọ́n ti gbé ìkìlọ̀ red, èyí tó le jù, jáde fún Lọ́ńdọ̀nù, ìjì yẹn náà ló ya òrùlé gbọ̀ngàn O2 ní Greenwich tí kò jìnnà sí wa, ní Isle of Wight afẹ́fẹ́ ọ̀hún sá tó máìlì 122 láàárín wákàtí kan. Nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ilé ọ̀rá mi ti fò kọjá plot méjì, ó ti lọ já lu ilé gíláàsì bàbá ará Jamaica kan nísàlẹ̀, gíláàsì mẹ́fà ló fọ́. Bàbá yẹn ò bínú, mo sanwó gíláàsì ẹ̀, ṣùgbọ́n títí dòní ni mo ń rò ó pé ká ní ó wà nínú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ńkọ́.

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Irin tó tẹ̀ lókè yẹn kọ́ ló ń gba ilé ọ̀rá dúró, inú ilẹ̀ lagbára ẹ̀ wà. Afẹ́fẹ́ tó bá gbá kọjá lórí ilé tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa ń fà á sókè bó ṣe ń gbé apá ọkọ̀ òfúrufú, tó bá wá tún ráyè gba ẹnu ọ̀nà wọlé á máa tì í láti inú, méjèèjì á pàdé. Páànù ilé ìyá mi àgbà ní Ìṣẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń ṣí lọ tí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá dé, torí ìṣó ò wọlé tó.

Kó o tó ra ohunkóhun, kọ email sí àwọn tó ń bójú tó allotment yẹn, kí wọ́n sọ bóyá wọ́n gbà á àti bó ṣe lè tóbi tó, kó o sì tọ́jú èsì wọn. Tìrẹ, mítà 3 ní fífẹ̀, mítà 6 ní gígùn ti tó.

Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ yìí, ìwọ̀ oòrùn gúúsù ló ti ń wá jù, torí náà jẹ́ kí orí ilé, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ kúkúrú tí ilẹ̀kùn máa wà, kọjú sí i, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ tó gùn. Má sún mọ́ igi ńlá. Tí ẹ bá ní hedge, igi kéékèèké tí wọ́n gbìn ṣe ọgbà, létí plot, ìyẹn dáa, ó máa ń fọ́ agbára afẹ́fẹ́ ju ògiri lọ.

Tó o bá ti fi okùn sàmì sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ̀n ọ́n láti igun kan sí èyí tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ mítà 6.71. Tí wọn ò bá dọ́gba, ilé ti wọ́ nìyẹn, ọ̀rá ò sì ní fà dáadáa lórí ẹ̀ láéláé. Àwọn páìpù tó ń wọlẹ̀, tí ẹsẹ̀ irin máa wọ inú wọn, fi òòlù ńlá gbá wọn wọlé, àmọ́ gbé pákó lé e lórí kó o tó gbá a kí ẹnu ẹ̀ má baà tẹ́, bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá rọ̀ jù, po kọnkéré sí ìdí wọn.

Wàyí o, yàrà. Èyí ni mo fẹ́ kó o fara balẹ̀ sí jù. Gbẹ́ yàrà sí ẹ̀gbẹ́ irin lọ́tùn-ún lósì, níta o, kì í ṣe nínú, kó jìn tó 30 sẹ̀ntímítà kó sì fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀rá á sọ̀ kalẹ̀ sínú ẹ̀, á tún tẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀, lẹ́yìn náà wàá da iyẹ̀pẹ̀ lé e, wàá fẹsẹ̀ kì í, wàá tún dà sí i, wàá tún kì í, títí á fi le bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé wa àtijọ́. Iyẹ̀pẹ̀ tó máa wọ yàrà ẹ̀gbẹ́ méjèèjì yẹn lé ní tọ́ọ̀nù kan, òun ló máa bá ẹ di ilé mú lóru tó o bá ń sùn. Á dùn ẹ́ lẹ́yìn, mo mọ̀. Má torí ìyẹn dín in kù.

Aládùúgbò tó o ní ó fẹ́ fún ẹ ní páìpù PVC funfun ti pọ̀lọ́ńbà lọ́fẹ̀ẹ́, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, má gbà á. PVC máa ń ba ọ̀rá yìí jẹ́ níbi tó bá ti fara kàn án, àti pé kò ní lè dúró níwájú ìjì. Ra irin galvanised, èyí tí wọ́n fi síǹkì bò kó má baà dípẹtà, kó o sì ra ọ̀rá polytunnel gangan, èyí tó nípọn 200 micron tí wọ́n ti ṣe kí oòrùn má baà tètè jẹ ẹ́. Lẹ téèpù onífọ́ọ̀mù mọ́ ẹ̀yìn irin kọ̀ọ̀kan kó o tó na ọ̀rá lé e, torí irin máa ń gbóná lábẹ́ oòrùn á sì máa jó ọ̀rá díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ tí wàá na ọ̀rá náà, ọjọ́ tó gbóná tí afẹ́fẹ́ ò fẹ́ rárá ni, tí kò bá rí bẹ́ẹ̀ padà sílé. Ooru á jẹ́ kí ọ̀rá rọ̀, ẹ̀yin èèyàn mẹ́rin á fà á, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín, ẹ bo apá kan mọ́lẹ̀ díẹ̀, ẹ lọ sí òdìkejì, tó bá wá di alẹ́ tí òtútù mú, á fún ra ẹ̀ bí awọ gángan. Ẹni tó bá nà án lọ́jọ́ òtútù, ọjọ́ tí oòrùn bá kọ́kọ́ mú ló máa rọ̀ jọ́bọ́jọ́bọ́, afẹ́fẹ́ á wá máa gbá a lu irin pàà pàà títí á fi ya.

Fi ilẹ̀kùn sí orí méjèèjì. Lọ́jọ́ oòrùn ṣí wọn láàárọ̀ kùtù, torí ooru inú ẹ̀ lè pa ewébẹ̀. Tí wọ́n bá ti ní ìjì ń bọ̀, lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ti méjèèjì kó o sì fi nǹkan há wọn, lẹ téèpù mọ́ ihò tó bá wà, bó ti wù kó kéré mọ. Tí Met Office, àjọ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, bá wá gbé ìkìlọ̀ red jáde, má lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ẹ́, bó bá máa lọ kó máa lọ, ìwọ ni mi ò lè rà.

Mo ní irúgbìn ewédú nílé, màmá ẹ á fi omi gbígbóná ṣe é kó lè hù. A máa wọ train ní St Pancras lọ́jọ́ Sátidé kejì nínú June. Gbẹ́ yàrà dè wá, kó o to irin, ṣùgbọ́n ọ̀rá yẹn, jẹ́ kó wà nínú páálí ẹ̀ títí a fi máa dé.

Bàbá ẹ