Ìyàwó mi, jọ̀wọ́ fa ìlà sí nọ́ńbà kẹta yẹn

Ìbàdàn,
Oṣù Kìíní, 2025.

Ìyàwó mi ọ̀wọ́n,

O kú ọdún, o kú ìyèdún. Ẹ̀mí wa á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń ṣe èyí kékeré ti fi í lọ́rùn sílẹ̀? Ọyẹ́ ọdún yìí le, má jẹ́ kó máa jáde láàárọ̀ láìwọ súwẹ́tà.

Mo rí àwòrán ìwé tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ìpinnu mẹ́rìnlá lórí bí ẹ ó ṣe máa ṣọ́wó ná lọ́dún tuntun, tí o fi bírò pupa kọ nọ́ńbà sí lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kà á, mo sì tún un kà lálẹ́ nígbà tí ilé ti pa rọ́rọ́. Inú mi dùn pé èmi lo fi hàn, torí kì í ṣe gbogbo ìyàwó ló lè ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ han ẹ̀gbọ́n ọkọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ sọ pé "ó dáa bẹ́ẹ̀" kí n sì gba ibẹ̀ lọ.

Jọ̀wọ́, kọ́kọ́ mú bírò kó o fa ìlà sí nọ́ńbà kẹta. O kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kò sí ẹyin fún àwọn ọmọ mọ́, àfi lọ́jọ́ Sọ́ńdè." Rárá, ìyàwó mi. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú wọn ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ara wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ni. Ẹyin kọ́ ló ń gbé owó yín lọ. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Nígbà tí nǹkan le fún wa nílé, ìyá wa lè lo ọdún méjì kó má rán aṣọ, àmọ́ ẹja kì í wọ́n nínú ọbẹ̀ wa. Bí wọ́n ṣe tọ́ ọkọ rẹ náà nìyẹn.

Mo fẹ́ sọ ohun kan fún ọ tí ọkọ rẹ fúnra rẹ̀ ò mọ̀.

O rántí bí ọdún 2023 ṣe rí. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni ààrẹ tuntun búra wọlé, ọjọ́ náà ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 lítà kan tẹ́lẹ̀, kí oṣù Keje tó parí, ó ti kọjá ₦600. Owó ọkọ̀ gbéra, gbogbo ọjà tẹ̀ lé e. Èmi náà kọ ìpinnu nígbà yẹn. Mo ní kò sí mílíìkì fún àwọn ọmọ mọ́, kò sí búrẹ́dì, ẹran á di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Mo tẹ̀ lé e tọkàntọkàn. Ọmọ mi obìnrin máa ń da ẹ̀kọ mu ní funfun báyìí, kò sì bèèrè nǹkan kan.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 2024, wọ́n wọlé sáà kejì. Ní Ọjọ́rú kan, aago mẹ́wàá àárọ̀ ò tíì lù tí mo rí àwọn ọmọ mi tí wọ́n ń bọ̀, ìwé kékeré wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Wọ́n lé wọn wálé nítorí owó ilé-ìwé. Mo ní kí wọ́n jókòó, mo wọ yàrá, mo fa àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì jáde, bóyá mo máa rí nǹkan tà. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn kàfúrà gba gbogbo yàrá. Aṣọ ẹbí márùn-ún ló wà níbẹ̀ tí àlùmọ́gàjí ò tíì kàn. Léèsì aláwọ̀ ọsàn tí a fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá mi, àmọ́ tí ojú mi ò gbà kí n lọ nígbà tí ọjọ́ pé, torí mi ò ní owó aránṣọ. Àǹkárá òkú ìyá ọ̀rẹ́ mi. Òmíràn tilẹ̀ wà níbẹ̀ tí mo gbà láwìn, tí mi ò tíì san tán. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo kó wọn lé itan, mo ṣírò wọn. Owó ilé-ìwé ọmọ méjèèjì fún sáà kan gbáko pé síbẹ̀, ó sì ṣẹ́kù.

Mo gbé mẹ́ta nínú wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá kan tó ń taṣọ ní Gbági. Kò tú wọn wò tán. Ó ní àǹkárá tí gbogbo èèyàn ti wọ̀ lọ sóde òkú, ta ni òun fẹ́ tà á fún? Iye tó pè ò tó ìdajì iye tí mo rà wọ́n. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí mò ń wọ̀ bọ̀ wálé, ẹ̀kọ funfun tí ọmọ mi ń mu lójoojúmọ́ ni mò ń rò, mi ò sì lè gbé ojú sókè.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọkọ mi. Mo rò pé á pariwo. Kò pariwo. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ló dìde, ó mú ìwé kan wá látinú báàgì rẹ̀: ẹ̀yáwó tí òun náà yá níbi iṣẹ́, tó fi ṣe onígbọ̀wọ́ ayẹyẹ ẹgbẹ́ wọn. Nítorí kí ojú má bàa tì wá láwùjọ, ẹnu àwọn ọmọ la ti ń gé owó rẹ̀.

A mú ìwé olójú-ewé ogójì kan, a fa ìlà sí àárín: apá òsì tèmi, apá ọ̀tún tirẹ̀. Fún oṣù kan gbáko, a ò dín nǹkan kan kù, a kàn ń kọ ohun tó ń jáde ni. Mo fẹ́ kí o ṣe ìyẹn kó o tó ṣe ìpinnu kankan. Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ló yà wá lẹ́nu. Ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń gba ₦2,000 lọ́wọ́ oní-POS, ₦100 ni wọ́n ń yọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Tí mo bá gba gbogbo rẹ̀ papọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, mi ò ní san ₦1,200 sórí owó ara mi. Nínú ìpinnu mẹ́rìnlá tìrẹ, mo wá ìkọ̀wé ọkọ rẹ títí, mi ò rí i. Fún un ní bírò. Mo mọ̀ pé àbúrò mi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ kì í sá fún iṣẹ́.

Nọ́ńbà keje, "a ó máa pa iná," ó dáa, ṣùgbọ́n kò tíì débì kan. Lórí ìlà tí wọ́n ń pè ní Band A, ti àwọn tí wọ́n ń fún ní iná ogún wákàtí ó kéré tán lójúmọ́, lẹ̀yin náà wà bíi tiwa. Láti ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 2024 tí wọ́n ti gbé owó rẹ̀ sókè ni kì í ti í ṣe nǹkan eré mọ́: yúníìtì tí kò tó ₦70 tẹ́lẹ̀ fò di ₦225. Láti oṣù Keje ó wà ní ₦209.50, owó orí 7.5% ṣì tún wà lórí rẹ̀. Wàá wá wò ó báyìí. Gílóòbù pupa tó máa ń gbóná yẹn, 60 watt ni. Tó bá tan wákàtí mẹ́wàá lálẹ́, yúníìtì 18 ló máa jẹ lóṣù, ìyẹn ₦3,771 láìtíì ka owó orí. Gílóòbù LED 9 watt ò ní jẹ tó yúníìtì mẹ́ta, kò sì ní tó ₦600 láìka owó orí. Mẹ́ta nínú èyí tó ń gbóná ni mo kà ní ẹ̀yìnkùlé yín nígbà tí mo wá kí yín. Ẹ pààrọ̀ àwọn yẹn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Irin tí ẹ fi ń gbé omi ìwẹ̀ kaná náà, tó bá jẹ́ 1,500 watt, ìdajì wákàtí lójúmọ́ máa jẹ yúníìtì 22 ààbọ̀ lóṣù, ó lé ní ₦4,700. Ẹ gbé omi sínú oòrùn láti ọ̀sán, á ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọmọ tó wẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aṣọ ilé-ìwé àti aṣọ iṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa lọ̀ ọ́, kì í ṣe aṣọ kan láàárọ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ti oúnjẹ: àsìkò ni kó o máa ṣọ́. Ìsinsìnyí tí ẹ̀ẹ̀rùn wà ni tòmátì ń wọlé dáadáa láti òkè Ọya. O rí i bó ṣe di wúrà nígbà òjò 2024, tí kòkòrò tún jẹ ọ̀pọ̀ oko run níbẹ̀. Rà á báyìí, lọ̀ ọ́, sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, bu òróró lé e lórí, kó o pín in sínú ike kéékèèké sínú fíríìsà. Èlùbọ́ náà, àsìkò tí oòrùn ń sá gbodo ní Òkè-Ògùn rèé. Ìrẹsì àti ẹ̀wà, wá obìnrin méjì ládùúgbò tí ìwà wọn tẹ́ ọ lọ́rùn, kí ẹ dáwó ra àpò kan, kí ẹ fi kóńgò kan náà pín in. Tó bá jẹ́ ní kóńgò kóńgò lo ṣì ń rà, yí ìdí kóńgò yẹn wò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n fún ọ, torí àwọn kan ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Rẹ ẹ̀wà sómi láti alẹ́, gáàsì á pẹ́ lọ́wọ́ rẹ.

Nọ́ńbà kẹsàn-án ló bà mí lẹ́rù jù: ₦1,000 lójúmọ́ fún aláàjọ, ó di oṣù Kejìlá kó o tó gbà á. Lọ́dún 2022 aláàjọ kan ládùúgbò wa lọ pẹ̀lú owó oṣù mẹ́wàá. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há. Mi ò ní kó o má dá àjọ o, àjọ ti gbé ọ̀pọ̀ ilé ró. Àmọ́ gba owó rẹ ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Nínú oṣù ọlọ́gbọ̀n ọjọ́, aláàjọ á yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀, wàá gba ₦29,000. Ọjọ́ náà gan-an ni kó o gbé e lọ sí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé, tó ń ṣèpàdé, tí wọ́n ń ka ìṣirò sétígbọ̀ọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Níbẹ̀, o lè yá owó tó ju èyí tó o ní lọ, èrè sì lè kàn ọ́ lọ́dún.

Nọ́ńbà kẹrìnlá, owó tó o fẹ́ máa fi pamọ́ tó o ní ọkọ rẹ ò gbọdọ̀ mọ̀, mi ò bínú sí i. Ìyá wa náà ní tirẹ̀, etí ìró ni wọ́n máa ń dì í mọ́, òun ni wọ́n sì fi san owó ìdánwò ọkọ rẹ nígbà tí Bàbá ò ní. Ṣùgbọ́n inú èrè ọjà tí wọ́n ń tà ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Èrè ọṣẹ tí ìwọ náà ń tà, yọ tìrẹ nínú ẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní bi ọ́. Owó ọbẹ̀ ni mi ò fẹ́ kó o fọwọ́ kàn.

Ó ku nọ́ńbà kọkànlá. O kọ ₦45,000 síbẹ̀ fún aṣọ ẹbí ìrántí Bàbá ní oṣù Kẹta. Nígbà tí mo rí i pé o ti yọ ẹyin ọmọ kúrò, tí o sì jẹ́ kí aṣọ ìrántí bàbá wa wà níbẹ̀, omi lé sí mi lójú. Èmi ni àgbà nínú wọn. Mo ti pe àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan láti àná: kò sí aṣọ ẹbí. Aṣọ funfun tí kálukú ti ní nílé la ó wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a ó sì se ìrẹsì tó bá agbára wa mu. Tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá bi ọ́, ní kí wọ́n wá bèèrè lọ́wọ́ mi. Nítorí náà, fa ìlà sí nọ́ńbà kọkànlá pẹ̀lú.

Mo ti fún awakọ̀ kan ní gáréèjì Ìwó Road ní èlùbọ́ kóńgò mẹ́rin àti ìgò ata díndín méjì kó bá mi gbé e fún yín. Á dé Òṣogbo lọ́la kí ọ̀sán tó pọ́n, mo ti san owó rẹ̀. Àpò tí mo dì í sí, bá mi dá a padà pẹ̀lú ẹni tó bá ń bọ̀, òun náà ni mo fi ń nájà. Bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Ìbàdàn.