Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tí Ẹ Ní Ẹ Ò Dìbò Mọ́

Ẹ̀yin ọmọ wa ní Detroit àti Southfield, àti ẹ̀yin tó kù káàkiri Michigan,

Mo kí yín o. Ara le, ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Ọkàn mi ni kò balẹ̀.

Ọ̀kan wà nínú yín tí mi ò ní dárúkọ, torí ó mọ ara rẹ̀, ìyá rẹ̀ náà sì máa ń ka ohun tí mo bá kọ. Mo yà sílé rẹ̀ lẹ́yìn ìbò oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ó gbé ọbẹ̀ kaná fún mi, ó sì wá nǹkan tẹ́ sábẹ́ ìkòkò kí tábìlì má baà jó. Nígbà tí mo wò ó dáadáa, àpòòwé ìbò rẹ̀ ni, èyí tí wọ́n fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sí i nílé nínú rẹ̀. Kò tíì ṣí i. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un wà lára rẹ̀ gàdàgbà, epo sì ti rin ín. Mo ní kí lèyí? Ó ní, "Dádì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn."

Láti ọjọ́ yẹn, kò síbi tí mo yà sí tí mi ò gbọ́ ọ. Ọmọ tó ń kó ẹrù lóru ní ilé ìkẹ́rùsí sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn sọ ọ́. Ẹni tó fi Uber gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà sọ ọ́, kò tilẹ̀ dúró kí n bi í. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ jù nínú yín ló ń sọ ọ́ jù, ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù nìyẹn. Ká ní àwọn ọ̀lẹ ló ń sọ ọ́ ni, mi ò bá ti lọ sùn.

Ìbínú yín lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ fún yín pé kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Èmi náà ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀. Owó ibẹ̀ ni mo fi ra ilé, òun ni mo fi tọ́ ọmọ, òun náà ni mo ń fi ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù. Nígbà tí NAFTA, àdéhùn òwò láàárín Amẹ́ríkà, Canada àti Mexico, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní ọdún 1994, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní ká tú àwọn ẹ̀rọ kan, ká tò wọ́n sínú àpótí, Mexico ni wọ́n ń lọ. Ọwọ́ ara wa la fi dì í. Clinton tó jẹ́ Democrat ló fọwọ́ sí òfin náà, àwọn Republican ló sì dìbò fún un jù nílé aṣòfin. Lẹ́yìn náà ni China wọ àjọ oníṣòwò àgbáyé ní 2001. Ní ọdún 2000, bíi mílíọ̀nù 17 ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di 2010, wọn ò tó mílíọ̀nù 12 mọ́. Ní 2008, wọ́n ya bílíọ̀nù 700 dọ́là sọ́tọ̀ láti gba àwọn báǹkì là, àwọn báǹkì sì ń fi pátákó "a fẹ́ ta ilé yìí" síwájú ilé àwọn aládùúgbò mi.

Obama lọ sí Janesville ní Wisconsin ní oṣù kejì ọdún 2008, ó ní bí ìjọba bá ti àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́yìn, iléeṣẹ́ ọkọ̀ ibẹ̀ yóò wà fún ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Oṣù kejìlá ọdún náà ni wọ́n tì í. Trump dé Youngstown ní Ohio ní 2017, ó ní kí ènìyàn má ta ilé rẹ̀, iṣẹ́ ń padà bọ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, ọkọ̀ tó kẹ́yìn jáde níléeṣẹ́ ọkọ̀ Lordstown tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Owó iṣẹ́ wákàtí kan tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ là kalẹ̀ jẹ́ 7.25 dọ́là láti 2009. Ẹgbẹ́ méjèèjì ti gun àga láti ìgbà náà, iye yẹn náà ló ṣì wà.

Ẹ ti rí i pé mi ò gbèjà ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn Flint, ìlú kan ní Michigan wa níbí, tí ẹ máa ń fi pa mí lẹ́nu mọ́ ńkọ́? Òótọ́ ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwa ará Michigan dìbò, a fagi lé òfin tó ń jẹ́ kí gómìnà gbé alákòóso pàjáwìrì lé ìlú lórí, tí yóò sì gba agbára lọ́wọ́ àwọn tí aráàlú yàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó lọ fún ọdún Kérésì, àwọn aṣòfin ṣe òmíràn tó jọ ọ́. Wọ́n ki ìnáwó díẹ̀ bọ̀ ọ́, torí òfin tí owó bá ti wà nínú rẹ̀, aráàlú ò lè fi ìbò fagi lé e. Abẹ́ irú alákòóso bẹ́ẹ̀ ni Flint wà ní oṣù kẹrin ọdún 2014, nígbà tí wọ́n yí omi ìlú sí ti odò. Òjé wọnú omi, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ mu ún. Ẹni tó bá rí èyí tí kò bínú, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ń mí.

Ṣùgbọ́n ibo lẹ fẹ́ gbé ìbínú náà lọ? Ẹ dá mi lóhùn. Abẹ́ ìkòkò?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo fojú mi rí. Ọmọdé ni mí ní 1965, nílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn wa. Wọ́n dìbò ní oṣù kẹwàá, gbogbo ayé mọ ẹni tí wọ́n yàn, rédíò pe orúkọ ẹlòmíràn. Inú bí àwọn ènìyàn, ó sì yẹ kó bí wọn. Ìgbà náà ni "wẹ́tìẹ̀" dé, ìyẹn kí wọ́n da bẹntiróò sí ènìyàn tàbí ilé lára, kí wọ́n sáná sí i. Bàbá kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó ń ra kòkó, ó máa ń fún àwa ọmọdé ní kọ́bọ̀ lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ó wà nínú ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ tí rédíò ní ó wọlé, lọ. Kò ka ìbò, kò gbé àpótí. Wọ́n da bẹntiróò sílé rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n sáná sí i, àtilé àti kòkó tó tò sí ìsàlẹ̀ ló jóná, díẹ̀ ló kù kí òun náà jóná mọ́ ọn. Mo mọ àwọn ọmọkùnrin tó ṣe é. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́. Àwọn tó jí ìbò gan-an ńkọ́? Ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ ilé wọn. Ìbínú kò lè dé ọ̀dọ̀ wọn, ló bá bọ́ sórí ẹni tó wà nítòsí. Ní oṣù kìíní 1966, àwọn sójà gba ìjọba. Ẹ mọ ìgbà tí wọ́n tún jẹ́ kí a yan ìjọba? 1979. Mo ti gbéyàwó.

Ìdí nìyí tí ara mi fi ń gbọ̀n bí mo bá gbọ́ pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Mo ti gbọ́ ọ rí kí n tó mọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Níbí náà ńkọ́? Ọ̀rẹ́ mi kan, òyìnbó ará Macomb County, ọdún gbọọrọ la fi jọ dúró nídìí ẹ̀rọ kan. Ó dìbò fún Obama ní 2008, ó tún dìbò fún un ní 2012, bí àgbègbè wọn náà ṣe ṣe. Ní 2016, ó lọ sọ́dọ̀ Trump, àgbègbè wọn náà sì lọ. Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ máa ń sọ pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni gbogbo wọn, ẹ ó sì rẹ́rìn-ín. Ẹ yé e. Ọkùnrin yìí wá síbi ìkómọjáde ọmọ mi, ó jẹ iyán. Ẹnì kan ló bá a sọ̀rọ̀ nípa iléeṣẹ́ tó kú, tí àwọn yòókù ò fẹ́ sọ ọ́, ẹni náà sì fi ìka tọ́ka sí àjèjì fún un. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, wọ́n ní àwọn ará Haiti ń jẹ ajá àti ológbò ní Springfield, Ohio. Irọ́ ni. Wọ́n ṣáà halẹ̀ bọ́ǹbù mọ́ àwọn ilé ìwé níbẹ̀. Ẹ rò pé Haiti nìkan ni wọ́n ń bá wí? Bí èmi àti ìyàwó mi bá ń sọ Yorùbá ní ọjà, ta ló mọ̀ pé a kì í ṣe ará Haiti? Ibi tí ìbínú òṣìṣẹ́ máa ń bọ́ sí náà nìyẹn, bí kò bá rọ́nà.

Trump fi ìbò 10,704 gba ìpínlẹ̀ wa ní 2016. Ní Wayne County níbi tí Detroit wà, ìbò tí Hillary Clinton, Democrat tó bá a díje, ní fi ohun tó lé ní 70,000 dín sí èyí tí Obama ní ní 2012. Àwọn mìíràn tó lé ní 70,000 káàkiri Michigan gba ìwé ìbò tiwọn, wọn ò mú ẹnikẹ́ni fún ipò ààrẹ rárá. Mi ò sọ pé ẹni báyìí ni kẹ́ ẹ mú. Ṣebí ẹ ní kò já mọ́ nǹkan kan ni? Ẹ ka iye yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ó tó gẹ́ẹ́! Ààrẹ, ààrẹ, ààrẹ, òun nìkan lẹ mọ̀. Ọdún mẹ́rin mẹ́rin lẹ ń jí, ẹ ó wo orúkọ méjì lókè ìwé, ẹ ó pòṣé, ẹ ó padà sùn. Ta ní sọ fún yín pé òkè ìwé nìkan ni ìbò wà?

Àbúrò ọmọ tí mo ń sọ yìí ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdún 2025, owó iṣẹ́ rẹ̀ fún wákàtí kan kúrò ní 10.56 dọ́là, ó di 12.48. Ó tún lẹ́tọ̀ọ́ sí ìsinmi àìsàn tí wọ́n ń sanwó fún. Ta ló fún un? Ní 2018, àwọn ènìyàn kó ìbuwọ́lù jọ kí ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ lè wọ inú ìbò. Àwọn aṣòfin sáré gbà á ní òfin ní oṣù kẹsàn-án kó má baà dé iwájú aráàlú. Ìbò parí tán, ní oṣù kejìlá, wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́. Ọgbọ́n Flint náà ni, àbí? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 31 oṣù keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Michigan ní wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Adájọ́ mẹ́rin gbà, mẹ́ta kọ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló fi yàtọ̀. Ìbò la sì fi ń yan àwọn adájọ́ yẹn! Apá tí kò ní orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n máa ń wà nínú ìwé, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀ tàbí lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ ti máa ń rẹ ènìyàn. Bí o bá sàmì sí ẹgbẹ́ kan lókè pé gbogbo wọn lo fẹ́, kò dé ọ̀dọ̀ adájọ́. O gbọ́dọ̀ yí ìwé padà.

Àpòòwé yẹn alára, àwa la dìbò fún un. Kí 2018 tó dé, o gbọ́dọ̀ wá àwáwí kí wọ́n tó fi ìwé ìbò ránṣẹ́ sílé fún ọ bí o kò bá tíì dàgbà tó mi. Ní 2022, a tún dìbò pé kí ìjọba máa san owó ìfìwéránṣẹ́ rẹ̀ padà. Kò ná ọ ní kọ́bọ̀, ọmọ mi. Ó ná àwọn kan ní ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ilé dé ilé nínú òtútù, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ìbuwọ́lù.

Kí n tó gbàgbé: ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú, tó jẹ́ káàdì ìgbélùú (green card) ló ní, má dìbò o. Má fọwọ́ sí ìwé kankan ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ìwakọ̀ láì kà á, torí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń forúkọ ènìyàn sílẹ̀ fún ìbò. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀, wọ́n sì lè dá ọ padà sílé. Ìwọ wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ìyẹn ò bèèrè ìwé onílùú lọ́wọ́ rẹ. Nígbà tí àwọn UAW, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọkọ̀, yanṣẹ́ lódì ní 2023, àfikún owó iṣẹ́ tí wọ́n gbà jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n lórí ọgọ́rùn-ún, títí di 2028. Bí wọ́n bá ń pe ìpàdé, lọ. Má fi sílẹ̀ fún àwọn arúgbó bíi tèmi tí ń sùn lórí àga.

Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ dẹ́kun fífi ohùn tí ẹnì kan gbà sílẹ̀ nínú mọ́tò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé òun ló mọ òtítọ́ ìjọba.

Ìdìbò abẹ́lé yóò wáyé lọ́jọ́ 4 oṣù kẹjọ ọdún 2026, ìbò gbogboogbò lọ́jọ́ 3 oṣù kọkànlá. Gómìnà tó wà níbẹ̀ kò lè díje mọ́, sẹ́nétọ̀ wa kan náà sì ní òun ò díje mọ́. Oṣù kẹjọ ni wọ́n ti ń yan àwọn tí ẹ máa ń sọ ní oṣù kọkànlá pé kò sí èyí tó dáa nínú wọn. Ẹni tí kò bá mọ ọ́fíìsì akọ̀wé ìlú, tàbí tí orúkọ rẹ̀ ṣì wà ní àdírẹ́sì àtijọ́, kó pè mí, màá bá a lọ. Ṣùgbọ́n kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ni o, lẹ́yìn ìyẹn mo ti wà níbi tí wọ́n ti ń wo orúnkún mi.

Èmi ni,
Bàbá yín ní Southfield.