Àdùkẹ́, mi ò tíì fọwọ́ sí i

Yábà, Èkó

Àdùkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé oòrùn Jalingo ò tíì jó ọ lójú? Màmá mi ní kí n kí ọ, wọ́n ní ṣé àgùnbánirọ̀ kì í wálé ọdún ni.

Mo ti kọ pírọ́jẹ́ẹ̀tì mi tán. Orí márààrún ti pé, ó ku kí wọ́n bá mi dì í. Ojú ewé kan ló dá mi dúró, èyí tó máa ń wà níwájú, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jẹ́rìí pé òun lòun ṣe iṣẹ́ náà. Ọkùnrin tó ń bá wa tẹ̀wé lẹ́bàá géètì ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, ó ti wà lórí kọ̀ǹpútà òun. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde, ó nà án sí mi. Orúkọ mi ló wà lókè lóòótọ́, àmọ́ nísàlẹ̀, wọ́n ní owó tí báǹkì ń yá oníṣòwò ni iṣẹ́ náà dá lé. Èmi tó jẹ́ pé ẹja yíyan ni mo lọ wádìí ní Mákòkò! Àyà mi já. Díẹ̀ ló kù kí n fi orúkọ mi búra lórí iṣẹ́ ẹlòmíì.

Mo gba ìwé funfun, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: "Èmi ni mo ṣe iṣẹ́ yìí, lábẹ́ àmójútó olùkọ́ mi. N kò fi gba ìwé ẹ̀rí níbikíbi rí. Gbogbo ibi tí mo ti mú ọ̀rọ̀ ni mo dárúkọ."

Gbólóhùn kejì ló mú mi gbé bíírò sílẹ̀. Ṣé o rántí èyí tí mo kọ nígbà OND, nípa bí ẹja ṣe ń dé Òyìngbò? Ojú ewé méjì nínú rẹ̀ ni mo gbé sínú orí kejì, mi ò yí nǹkan kan padà. Mo ní ṣebí èmi náà ni mo kọ ọ́. Èmi ni lóòótọ́, àmọ́ mo ti fi gba ìwé ẹ̀rí kan. Tí mo bá fọwọ́ sí i bẹ́ẹ̀, irọ́ ni mo pa. Mo padà sílé, mo yọ ọ́, mo tún un kọ, mo sì sọ níbẹ̀ pé inú iṣẹ́ mi àtijọ́ ni mo ti mú un.

Turnitin, ẹ̀rọ tó ń ka iye ọ̀rọ̀ wa tó bá ti ẹlòmíì mu, nìkan ni àwọn ọmọ kíláàsì wa ń bẹ̀rù. Wọ́n á máa pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí nọ́ńbà rẹ̀ lè wálẹ̀. Ó ń dùn mí, torí ọ̀rọ̀ tó bára mu ni ẹ̀rọ yẹn ń wá; ẹni tó bá jí èrò tó sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ lè gba àárín rẹ̀ kọjá. Kò mọ̀ bóyá mo dé Mákòkò tàbí n kò dé ibẹ̀. Ìyá Ègùn kan ń fi ọwọ́ lásán yí ẹja padà lórí wáyà, omi ń dà lójú mi, wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi ìdáná ti wọ́n. Ìwé tí mo kọ ọ́ sí ṣì ń rùn èéfín títí dòní.

Ó wá ku tìrẹ. Ìbéèrè kẹrin àti ìkẹsàn-án tí mo bi àwọn ìyá yẹn, ìwọ lo bá mi ronú wọn lórí fóònù lóru ọjọ́ yẹn. Ojú ewé ìdúpẹ́ ò tó fún un. Orí kẹta, níbi tí mo ti ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe ìwádìí, ni mo fẹ́ kọ ọ́ sí. Jọ̀ọ́, fi orúkọ rẹ ní kíkún ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀, bí o ṣe fẹ́ kó wà nínú ìwé gan-an. Mi ò ní fọwọ́ sí i títí màá fi rí i gbà.

Ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́