Má Jẹ́ Kí Ìtìjú Bá Ọ Jẹun Lọ́dún Yìí

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Okun o. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Kàbà níbí, àfi ọyẹ́ tó ti ń la ètè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀ ń bọ̀ wálé wá ṣe Kérésìmesì, mo sì dúpẹ́ pé dókítà ti fi eyín àtọwọ́dá dípò eyín iwájú mẹ́rin tó yọ yẹn. Ṣùgbọ́n àbúrò rẹ tí a fẹ́ ṣe ìdána fún sọ fún mi pé o ní o kò ní jẹ nǹkan kan lójú àwùjọ, kí ojú má baà tì ọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Ìtìjú léwu fún ẹni tó wọ eyín ju egungun ẹran lọ. Ẹni tójú ń tì ni í fi ìkánjú gbé oúnjẹ mì. Òun náà ni í yọ eyín ní bòókẹ́lẹ́, tí í wé e sínú tíṣù, tí ẹni tó ń palẹ̀ àwo mọ́ á sì kó o dà nù mọ́ egungun. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi ìyá rẹ ti ń fi eyín àtọwọ́dá jẹun tipẹ́, tòkè tìsàlẹ̀, mo sì ń jẹ iyán mi.

Ohun tí mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ̀ ni pé àjà ẹnu rẹ kò ní máa mọ nǹkan bíi ti tẹ́lẹ̀, torí rọ́bà tó di eyín náà mú ti bò ó. Bí ọbẹ̀ bá gbóná, o lè má mọ̀ títí yóò fi jó ọ lọ́nà ọ̀fun. Bí egungun ẹja bá wà nínú òkèlè, o lè má fura. Ìka ọwọ́ rẹ ni kó máa ṣe iṣẹ́ tí àjà ẹnu ń ṣe. Bu iyán, jẹ́ kó tutù díẹ̀ lọ́wọ́, fi ọbẹ̀ kan ètè ná. Tí wọ́n bá gbé ẹja Lọ́kọ́ja wá, tú u palẹ̀ sínú àwo, kí o fi ìka wá egungun inú rẹ̀ kúrò kí o tó fi í sẹ́nu. Síbí kò lè bá ọ ṣe èyí.

Ẹran ńkọ́? Má fi eyín iwájú fa ẹran ya láé, ì báà ṣe ẹran ìgbẹ́, ì báà ṣe adìyẹ ìbílẹ̀. Bí o bá fi iwájú fà á, ẹ̀yìn rọ́bà náà á já wálẹ̀, eyín á sì ṣí. Bí mo ti ń ṣe é nìyí: mo máa ń wo ibi tí fọ́nrán ẹran kọjú sí, màá wá fi ọ̀bẹ gé e ní ìdábùú, kì í ṣe ní òòró, kí fọ́nrán náà lè kúrú, kí ègé kan má sì ju orí ìka kékeré lọ. Eyín inú rẹ, tọ̀tún tòsì, ni kí o wá fi rún un. Ṣinṣín, kulikúlì àti ẹ̀pà, fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dún yìí. Èérún wọn máa ń há sábẹ́ rọ́bà, á sì máa gún erìgì. Orógbó tí wọ́n bá pín nígbà ìdána, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, dúpẹ́, kí o fi í sápò. Kò sí àna tí yóò bínú. Mọ́ínmọ́ín wà, ìrẹsì wà, ilá wà.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí eyín náà máa bá oúnjẹ lọ. Tìrẹ kéré, ó sì ní wáyà tó fi ń di eyín rẹ tó kù mú. Má fi oúnjẹ sẹ́nu máa rẹ́rìn-ín. Má sì fi eyín náà sẹ́nu sùn, yálà lórí ibùsùn tàbí nínú ọkọ̀ láti Àbújá. Bí ó bá ṣèèṣì wọ ọ̀fun, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, ẹ ò gbọdọ̀ fi òkèlè ẹ̀bà tì í bí àwọn èèyàn wa ti máa ń ṣe fún egungun ẹja. Wáyà yẹn lè fa ọ̀nà ọ̀fun ya. Má mu omi, má mu epo. Ọsibítù ni tààrà, bí o tilẹ̀ ń mí dáadáa. Kí o sì là á mọ́lẹ̀ fún dókítà pé eyín lo gbé mì, torí rọ́bà rẹ̀ kì í sábà hàn nínú àwòrán X-ray. Ẹni tójú bá tì, tó ní egungun ni, lè jẹ́ kí wọ́n wá a tì.

Kí ẹ tó kúrò ní Àbújá, lọ bá dókítà rẹ kó wò ó bóyá wáyà náà ti dẹ̀. Bí ibì kan lára eyín náà bá ń ha ọ́ ní erìgì, òun ni kó bá ọ fá a. Má fi ọ̀bẹ ha á fúnra rẹ. Bó bá sán, má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ yàrá mi lọ. Mo ti gbé abọ́ omi tútù síbẹ̀ àti ike onídèérí. Orí abọ́ omi yẹn ni kí o ti ṣan eyín náà, torí bó bá já bọ́ lu sìmẹ́ǹtì, ó lè là sí méjì. Omi gbígbóná á lọ́ ọ, kò sì ní bá ẹnu rẹ mu mọ́.

Ẹ̀gbẹ́ mi lo máa jókòó sí lọ́jọ́ ìdána. Mo ti sọ fún àwọn ìyàwó ilé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹran àwa méjèèjì fún mi kí n gé e. Sọ fún ọkọ rẹ kó rọra wakọ̀ ní Ọbajánà. Àwọn tírélà pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ