Àkànní, wá gbọ́ trombone yìí

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù Kánádà ńkọ́? Àwa náà wà níbí, Ọlọ́run ń ṣọ́ wa, màmá ní kí n kí ẹ dáadáa.

Mo mọ̀ pé voice note ló yẹ kí n fi ránṣẹ́, àmọ́ orin ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, ọ̀rọ̀ orin sì máa ń gùn lẹ́nu mi, o ṣáà mọ̀ mí. Ṣé o rántí kásẹ́ẹ̀tì tí bandmaster wa nínú Boys' Brigade máa ń gbé sínú rédíò ẹ̀ tí a bá ti parí rehearsal ní Sátidé, èyí tí ariwo ṣáá-ṣáá ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju orin inú ẹ̀ lọ, tí trumpet, clarinet àti trombone á máa sáré tẹ̀lé ara wọn tí kò sì sí ẹni tó ń fẹnu kọrin níbẹ̀ rárá? Ó ní jazz ni, orin àwọn ará New Orleans ní Amẹ́ríkà. Ó pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Lóṣù tó kọjá mo ń wá orin Bobby Benson lórí YouTube, bí ìyẹn ṣe parí báyìí fóònù fúnra ẹ̀ gbé òmíràn sí i, Àkànní, ara mi bù máṣọ. King Oliver ni, ọ̀gá bándì kan tó ń fọn cornet, ìbátan trumpet tó kúrú díẹ̀! Látìgbà yẹn, tí mo bá jí òun ni, tí mo bá wà nínú sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ òun ni, ìyàwó mi tí kò bá wa ṣe Boys' Brigade náà ti ń fẹnu fọn ọ́n ní kíṣìnnì báyìí.

Ohun tó ń dùn mọ́ mi jù nínú ẹ̀ ni pé gbogbo wọn jọ ń fọn lẹ́ẹ̀kan náà. Cornet ló di orin mú, òun ló ń sọ ohùn orin gan-an tí o lè fẹnu kọ, kì í ṣe àṣejù. Clarinet wà lókè, ó ń yí i ká, á sáré gòkè á tún rọra yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, nóòtì wẹ́wẹ́ ṣáá, kì í sinmi. Trombone wà nísàlẹ̀, á fa ohùn gùn láti ibì kan dé ibòmíràn, ibi tí cornet bá ti mí sí lòun ti ń dáhùn. Pianó, bánjò àti dúrọ́ọ̀mù ń gbé wọn lọ láti ẹ̀yìn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń hun tiẹ̀ lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ wọn ò dí ara wọn lọ́wọ́. Bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń ṣe níbi ìpàdé ẹbí náà ni, gbogbo wọn á máa sọ̀rọ̀ pọ̀, ọ̀rọ̀ á sì yé gbogbo wọn. Bí mo ṣe wá ń gbọ́ ọ báyìí, orin kan ṣoṣo ni mo máa ń gbé sí léraléra, màá kọ́kọ́ tẹ̀lé cornet láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, màá padà tẹ̀lé clarinet, màá tún padà tẹ̀lé trombone, lẹ́yìn náà màá wá jẹ́ kí gbogbo ẹ̀ wọlé sí mi létí pọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni orin náà o, torí pé ibi tí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní 78 lè gbà mọ nìyẹn, ṣùgbọ́n mo lè wà lórí ẹ̀ fún odidi ìrọ̀lẹ́.

Tí o bá wá mọ bí wọ́n ṣe gba àwọn orin King Oliver yẹn sílẹ̀, wàá tún fẹ́ràn ẹ̀ sí i. Ìlú Richmond ní Indiana ni, oṣù April ọdún 1923, ní sítúdíò ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù Gennett tó wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe pianó. Ojú irin rélùwéè gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ kọjá, tí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ wọ́n á dáwọ́ dúró títí á fi kọjá lọ. Kò sí máíkì. Fùnẹ́ẹ̀lì ńlá kan ló yọ jáde láti ara ògiri, òun ni gbogbo wọn kọjú sí tí wọ́n ń fọn, ìró wọn fúnra ẹ̀ ló ń mi abẹ́rẹ́ tó ń fín ìlà sára ìda. Ẹni tó bá ń fọn kíkan jù á bo àwọn tó kù mọ́lẹ̀ nìyẹn, kò sí ẹni tó máa bá wọn tún un ṣe lẹ́yìn ìgbà náà. Baby Dodds tó ń lu dúrọ́ọ̀mù ò lè lu èyí tó tóbi torí pé á mú abẹ́rẹ́ fò, igi kékeré ló ń kàn, ìdí nìyẹn tí wàá fi máa gbọ́ kó-kó-kó yẹn lẹ́yìn. Louis Armstrong wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, òun ni cornet kejì, ohùn ẹ̀ sì lágbára débi pé wọ́n ní kó lọ dúró lọ́ọ̀ọ́kán lẹ́yìn àwọn yòókù. Lil Hardin tó ń tẹ pianó, tó padà di ìyàwó ẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ló sọ ọ́. Mo máa ń ro ọmọkùnrin yẹn bó ṣe dá dúró sí kọ̀rọ̀ yàrá, tó ń wo ẹ̀yìn ọ̀gá ẹ̀, ohùn ẹ̀ sì ń dé ibi tó yẹ kó dé.

Oliver ló ránṣẹ́ pè é láti New Orleans wá sí Chicago lọ́dún 1922. Níbi ijó ní Lincoln Gardens, ìlù á kàn dákẹ́ lójijì, cornet méjèèjì á fọn nǹkan kan náà pọ̀ ní ohùn méjì tó bára mu, bándì á sì tún gbé e. Àwọn olórin tó wá ń wò wọ́n ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é torí kò sí ìwé kankan níwájú wọn. Àṣírí ẹ̀ ni pé tó bá ku díẹ̀, nígbà tí bándì ṣì ń lọ, Oliver á ti fi ohun tó fẹ́ fọn han Louis, ọmọ yẹn á sì ti mú ohùn kejì ẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àkànní, etí wo nìyẹn! Lọ gbọ́ "Dippermouth Blues", ibi tí Oliver ti fi nǹkan dí ẹnu cornet, tó ń ṣí i tó ń pa á dé, tí ohùn náà ń rojọ́, tó ń bẹ̀bẹ̀, tí ẹnì kan nínú bándì fi pariwo láàrin orin pé kó máa fọn ún lọ. Àwa tí ìlù ti ń bá sọ̀rọ̀ láti kékeré, irú ẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa. Nínú "Chimes Blues" tí wọ́n ṣe lákòókò kan náà ni Louis ti kọ́kọ́ dá fọn lórí rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ẹ̀, kò pẹ́ rárá, ṣùgbọ́n wàá mọ̀ ọ́n.

Ìgbẹ̀yìn Oliver ò dáa, ó dùn mí wọra. Èrìgì ẹ̀ bàjẹ́, eyín ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò lè fọn mọ́, owó tán. Ìlú Savannah ní Georgia ló kú sí lọ́dún 1938, iṣẹ́ kó máa tọ́jú ilé tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì, pool, ló ń ṣe níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní ọba.

Wọ́n á sọ fún ẹ pé rẹ́kọ́ọ̀dù jazz àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1917, pé Original Dixieland Jass Band ló ṣe é, aláwọ̀ funfun márùn-ún láti New Orleans, tí wọ́n fọn ọ́n ní New York fún ilé iṣẹ́ Victor. Òótọ́ ni. Mo gbọ́ "Livery Stable Blues" wọn, clarinet ń kọ kẹ̀kẹ́rẹ̀kẹ́, cornet ń yán bí ẹṣin, trombone ń ké bí màlúù, ó pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n mọ̀ ọ́n fọn, mi ò ní fi du wọ́n. Ohun tó bí mi nínú ni pé Nick LaRocca, ẹni tó ń fọn cornet wọn, wá ń sọ káàkiri nígbà tó yá pé àwọn aláwọ̀ funfun ló dá orin yìí sílẹ̀, pé adúláwọ̀ ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Irọ́ burúkú! Buddy Bolden ti ń fọn cornet fáwọn èèyàn jó ní New Orleans nígbà tí LaRocca ṣì jẹ́ ọmọdé, kò kàn sí rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lónìí ni, torí pé ọdún 1907 ni wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ibẹ̀ ló wà títí tó fi kú lọ́dún 1931. Ṣé tí wọn ò bá gba ohùn èèyàn sílẹ̀, kò fọn ni?

Orin ìgboro ni o, òun ni mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn. Nígbà tí wọ́n bá gbé bándì sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń fi polówó òde ijó kiri New Orleans, ẹ̀yìn pátápátá ni wọ́n máa ń fi onítrombone sí kí slide ẹ̀ má baà máa gbá àwọn èèyàn lórí. Òkú ńkọ́? Tí wọ́n bá ń gbé òkú lọ, orin ìsìn ni bándì á máa fọn, jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìbànújẹ́, àmọ́ tí wọ́n bá ti kúrò ní itẹ́, dúrọ́ọ̀mù á yí padà, trumpet á ké, gbogbo àdúgbò á dà sẹ́yìn wọn pẹ̀lú agbòrùn, wọ́n á máa jó bọ̀ wálé. Mo wo fídíò ẹ̀, omi bọ́ lójú mi, torí mo rántí ìsìnkú bàbá yín ní Ìjẹ̀bú Òde, bí àwọn onítrumpet yẹn ṣe fọn "Saints" láti ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì, tí ìwọ tó o ti ń sunkún láti àárọ̀ wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Orin wọn ló dé ọ̀dọ̀ wa yẹn, a sì ti sọ ọ́ di tiwa. Louis fúnra ẹ̀ náà dé ìhà ọ̀dọ̀ wa, ó ṣeré ní Accra lọ́dún 1956, ó sì wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1960 tí a gba òmìnira. Tí o bá gbọ́ highlife àtijọ́ báyìí, bí àwọn trumpet yẹn ṣe ń dá ara wọn lóhùn, wàá mọ̀ pé àwọn bàbá yẹn gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wọ̀nyí dáadáa.

Mo ti wá dé ibi tí mo ń lọ. Kid Ory. Òun ni onítrombone inú Hot Five tí Louis kó jọ ní Chicago lọ́dún 1925, kì í ṣe bándì ijó, inú sítúdíò ni wọ́n ti máa ń pàdé. Gbé "Muskrat Ramble" sí, February 1926, jọ̀ọ́ má kọ́kọ́ gbọ́ Louis, mo mọ̀ pé ó ṣòro. Ory ni kó o gbọ́. Ó ń fa ohùn láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè, pẹ̀lú agbára, kò yára, kò ṣe fáàrí, àmọ́ tí o bá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ gbogbo orin á ṣubú. Bí ìwọ náà ṣe máa ń fọn nìyẹn, Àkànní. Mi ò pọ́n ẹ lé. Bandmaster náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó wá wú mi lórí jù nípa ọkùnrin náà ni pé nígbà tí nǹkan le koko ní Amẹ́ríkà láàrin ọdún 1930 sí 1940, tí ẹnikẹ́ni ò pè é síbi orin mọ́, ó gbé trombone sílẹ̀, òun àti arákùnrin ẹ̀ ń sin adìẹ ní Los Angeles. Wọ́n tún wá a kàn. Ọdún 1944 ó fọn lórí rédíò nínú ètò Orson Welles, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà, lọ́dún yẹn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù tuntun, ọkùnrin tó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún. Mo gbọ́ àwọn ìyẹn náà. Ohùn ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó kàn tún nípọn sí i ni, kò kánjú mọ́, ó mọ ibi tó yẹ kó dákẹ́ sí. Ó wà láyé títí di ọdún 1973.

Àbúrò ẹ obìnrin sọ fún mi pé trombone ẹ ṣì wà nínú àpótí ẹ̀ nílé yín. Mo lọ wò ó. Slide ẹ̀ ti gan, kò jẹ́ kí n fà á, ẹnu agogo ẹ̀ sì ti tẹ̀ níbì kan, àmọ́ mouthpiece wà pé pérépéré, a sì mọ bàbá kan ní Ṣómólú tó máa ń tún wọn ṣe, mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, ó ní kò le, ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà. Mo fẹ́ gbé e lọ, ṣé kí n gbé e lọ? Clarinet tèmi ti ń dún, èmi àti àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì méjì kan ń gbìyànjú ní gbogbo Tọ́sìdeè, ọ̀kan mọ trumpet dáadáa, kò sí onítrombone láàrin wa.

Kó o tó dáhùn, gbọ́ méjèèjì, "Dippermouth Blues" àti "Muskrat Ramble". Ti ọdún 1923 yẹn ti di ti gbogbo ayé lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà láti January 2024, o lè gbà á sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láìsí wàhálà. Fi earpiece gbọ́ ọ, má fi ẹnu fóònù lásán. Kó o wá sọ fún mi, nínú "Dippermouth", trombone tó wà lábẹ́ cornet Oliver yẹn, Honoré Dutrey ló ń fọn ọ́n, èwo ni ìwọ fẹ́ràn jù nínú òun àti Ory, torí ó dà bíi pé mo mọ èyí tí wàá mú.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Mo ń retí ẹ ní December.

Èmi ni tìẹ,
Ìṣọ̀lá